Kánsù Kò Ní Ọlọ́pàá, Ṣùgbọ́n Iná Àdúgbò Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ètò ààbò ní ìjọba ìbílẹ̀. Lẹ́tà tó wọlé pọ̀ ju ààyè wa lọ. A kó àwọn tó jọra pọ̀, a sì gé àwọn tó gùn kúrú.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Alága kánsù wa ní ọ̀rọ̀ olè kì í ṣe tòun, pé ká lọ bá ọlọ́pàá. Ṣé òótọ́ ló sọ? (Onílé kan, Àkóbọ̀, Ìbàdàn)

Ààbọ̀ òótọ́ ni. Abala 214 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé iléeṣẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ ló sì ń darí rẹ̀. Alága kánsù kò lè pàṣẹ fún DPO, ìyẹn ọ̀gá ọlọ́pàá dífísọ̀n, kò lè ní kí wọ́n gbé e lọ sí ibòmíràn, kò sì lè dá ọlọ́pàá tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà kan rí, ìjọba ìbílẹ̀ ní ọlọ́pàá tiwọn, àwọn tí àwọn bàbá wa ń pè ní akódà. Àwọn olóṣèlú ìgbà náà sọ wọ́n di pàṣán tí wọ́n fi ń na àwọn alátakò. Lẹ́yìn tí ológun gbàjọba ní 1966, wọ́n kó wọn wọnú ọlọ́pàá àpapọ̀. Àmọ̀tẹ́kùn náà kì í ṣe ti kánsù: òfin ìpínlẹ̀ ló dá a sílẹ̀ ní 2020, bí wọ́n tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ káàkiri ìjọba ìbílẹ̀.

Ààbọ̀ yòókù ni alága yín kò sọ. Ẹ ṣí Àfikún Kẹrin ìwé òfin kan náà. Níbẹ̀ ni wọ́n to iṣẹ́ kánsù sí: iná òpópónà, gọ́tà, ọjà, garéèjì, ibi ìpẹran, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbòò, kíkó pàǹtírí, orúkọ àdúgbò àti nọ́ńbà ilé, ṣọ́ọ̀bù àti kíóòsì, títí kan ìwé àṣẹ fún àwọn tó ń ta ọtí. Jàgùdà tó ń dúró de obìnrin tó ń ti ọjà bọ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ nílò òkùnkùn. Ó nílò ìgbẹ́ tàbí kíóòsì àpatì tó máa fara pamọ́ sí, àti ojú ọ̀nà tó máa gbà sá. DPO kò ní agbára lórí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kánsù ló ni wọ́n.

Nítorí náà, ẹ má lọ béèrè “ààbò” lọ́wọ́ alága. Yóò ṣe ìlérí, ẹ ó sì pàtẹ́wọ́. Nǹkan tó ní orúkọ, tó sì ní ojúkò ni kí ẹ béèrè. Ẹ kó ènìyàn mẹ́fà sí mẹ́jọ jọ, kí àwọn obìnrin tó ń ti ọjà bọ̀ lálẹ́ wà níbẹ̀, àti ọlọ́kadà kan, nítorí wọ́n mọ igun tó léwu ju àwọn lánlọ́ọ̀dù lọ. Ẹ rin àdúgbò láàárín aago méje sí mẹ́wàá alẹ́, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ báyìí: “Iwájú ilé nọ́ńbà 14, òpó iná mẹ́ta kò tàn. Ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìgbẹ́ ga ju orí ènìyàn lọ, ògiri ti wó ní ibi kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá gọ́tà, kíóòsì méjì tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́.” Ẹ ya àwòrán rẹ̀ ní ọ̀sán.

Ẹ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí alága nípasẹ̀ káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín, ẹ fún DPO ní ẹ̀dà kan, kí ẹ sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, wọn yóò ní àwọn kò rí i. Àkókò náà ṣe pàtàkì: tí ẹ bá kọ ọ́ lóṣù kìn-ín-ní, wọn yóò ní kò sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Kí ó wọlé kí oṣù kẹsàn-án tó parí, nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ ti ọdún tó ń bọ̀. Ìgbẹ́ sísán àti kíóòsì wíwó kò nílò bọ́jẹ́ẹ̀tì ńlá o. Àwọn yẹn, ẹ ní kí wọ́n ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Wọ́n gbé iná sólà mẹ́jọ sí àdúgbò wa pẹ̀lú ariwo. Kò tíì pé oṣù mẹ́fà, mẹ́ta ti kú pátápátá, àwọn yòókù sì ń kú ní nǹkan bí aago méjìlá òru. Kí ló fà á? (Òǹkàwé kan, Ọ̀tà)

Aago méjìlá òru tí ẹ dárúkọ yẹn ti fi ẹ̀ṣẹ̀ hàn. Bátìrì kò tó ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Gílóòbù tó ń jẹ 40 wáàtì gan-an, tó tàn fún wákàtí 12, yóò jẹ 480 wáàtì-wákàtí lóru kan. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù 12.8 fóòtì, 30 ámpìà-wákàtí, 384 wáàtì-wákàtí péré (12.8 lọ́nà 30) ló lè gbé, a kì í sì í fẹ́ kó ṣófo tán. Ẹ ò rí i pé kò lè rí òwúrọ̀? 50 ámpìà-wákàtí ni ó kéré jù. Tí ẹ bá fẹ́ kó la ọjọ́ òjò kan kọjá láìkú, kí ó tó 100.

Páńẹ́lì náà ńkọ́? Lákòókò òjò nílẹ̀ wa, oòrùn tó lágbára dáadáa kì í fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀ lọ lójúmọ́. Tí ẹ bá yọ ohun tó ń ṣòfò kúrò, páńẹ́lì tó máa dá 480 yẹn padà gbọ́dọ̀ tó 180 sí 200 wáàtì. Àwọn iná tí gbogbo rẹ̀ wà lójú kan, tí wọ́n kọ “300W” gàdàgbà sí lára, ẹ mú téèpù kí ẹ wọn páńẹ́lì orí wọn. Páńẹ́lì tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú àti mítà kan lóòró ń mú nǹkan bí 200 wáàtì wá. Èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 sí 35, kò lè ju nǹkan bí 40 lọ, ohunkóhun tí wọ́n bá kọ sí i lára. Ẹni tó tà á fún kánsù mọ̀. Ẹni tó rà á lè máà mọ̀, tàbí kó mọ̀.

Àwọn mẹ́ta tó kú pátápátá, ẹ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí bátìrì bá wà nínú àpótí nísàlẹ̀ òpó, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti jí i. Ní orí òpó ló yẹ kó wà, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tí orí rẹ̀ ń kán dànù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dè é, tí sípánà kò lè tú. Bí ẹ̀ka máńgòrò bá ṣíji bo páńẹ́lì, iná kò lè gba agbára. Ní ọyẹ́, eruku á bò ó pátápátá, ó yẹ kí wọ́n nù ún lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán kí ọyẹ́ tó parí. Ta ni iṣẹ́ náà já lé lọ́wọ́? Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa ń bàjẹ́ sí: kọngílá gba owó tán lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ ní kí káńsẹ́lọ̀ yín rí i pé wọ́n dá ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ dúró fún oṣù 12, kí wọ́n má san án àyàfi tí gbogbo iná bá ṣì ń tàn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nípa ibi tí wọ́n ń ri òpó sí, òpó tó ga ní mítà mẹ́fà, kí àyè láàárín méjì má ju mítà 20 sí 25 lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkùnkùn yóò wà láàárín wọn, ojú ẹni tó ń ti inú ìmọ́lẹ̀ bọ̀ kò sì ní rí ẹni tó dúró níbẹ̀. Ojú oríta, ibùdókọ̀ àti orí afárá gọ́tà ló kọ́kọ́ yẹ kí iná dé. Iwájú ilé àwọn ènìyàn ńlá ló sábà máa ń dé, bẹ́ẹ̀ àwọn ní jẹnẹrétọ̀.

Ẹni tó bá ní iná kò lè dá olè dúró, ẹ sọ fún un pé wọ́n ti dán an wò. Ní New York ní 2016, wọ́n gbé iná alágbára sí àwọn kan nínú ọgbà ilé ìjọba, wọ́n fi àwọn ọgbà mìíràn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ìwà ọ̀daràn ńlá tó ń ṣẹlẹ̀ níta lóru dín kù ní nǹkan bí ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún níbi tí iná dé.

Fijilanté àdúgbò wa mú ọmọkùnrin kan lóru, wọ́n sì nà án. Ọlọ́pàá wá mú àwọn fijilanté. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn mú olè ni? (Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé kan, Ìjẹ̀bú-Òde)

Mímú kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀, nínà ni. Òfin fàyè gba ẹnikẹ́ni láti mú ẹni tó rí tó ń hu ìwà ọ̀daràn ńlá lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ láìfi falẹ̀ rárá. Kì í ṣe títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kì í sì í ṣe lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ bá ti dé. Bí ọmọ náà bá kú sí wọn lọ́wọ́, ó lè di ẹ̀sùn ìpànìyàn, ikú sì ni ìjìyà rẹ̀ nínú òfin ìwà ọ̀daràn ní gúúsù ìlú yìí. Táyà àti bẹntiróò tí àwọn kan ń yára fà jáde, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà dé ẹ̀wọ̀n.

Kí ẹ tó gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, àdírẹ́sì, nọ́ńbà NIN, fọ́tò, àti onídùúró méjì tí wọ́n ń gbé láàárín ìlú. Ẹ̀dà kan fún DPO, ọ̀kan fún kánsù, ọ̀kan fún ọ́fíìsì Àmọ̀tẹ́kùn tó wà nítòsí. Ìbọn ṣakabùlà pàápàá ń fẹ́ ìwé àṣẹ. Ìbọn àgbẹ̀dẹ ìbílẹ̀ kò tiẹ̀ ṣeé gbọ́ sétí. Tọ́ọ̀ṣì, fèrè, aṣọ tó ń tàn lóru àti fóònù tó ní owó lórí ló ń ṣiṣẹ́ jù.

Ẹ ra ìwé ńlá kan. Kí wọ́n máa kọ aago tí wọ́n jáde, ẹni tí wọ́n bá pàdé, ohun tí wọ́n rí. Bí wọ́n bá mú ẹnìkan, kí wọ́n kọ aago tí wọ́n mú un, bí ara rẹ̀ ṣe rí nígbà náà, aago tí wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, àti orúkọ ọlọ́pàá tó gbà á. Ìwé yẹn ni yóò gba àwọn ènìyàn yín sílẹ̀ bí ẹjọ́ bá dé. Kí wọ́n máa rìn ní méjì-méjì, kí wọ́n má sì máa jáde ní aago kan náà lójoojúmọ́, nítorí olè náà ń ka aago.

Owó ló sì ń ba fijilanté jẹ́ jù. Ká ní ẹ̀ṣọ́ mẹ́rin ni ẹ ní, tí ẹ ń san ₦50,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. ₦200,000 nìyẹn. Ilé 80 ló wà ládùúgbò, ẹ pín in, ó jẹ́ ₦2,500 nílé kọ̀ọ̀kan. Níbi yìí ni akápò máa ń ṣì í, torí gbogbo ilé kọ́ ni yóò san. Bí ilé 50 bá san, ₦125,000 lẹ ó rí, ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan yóò sì gba ₦31,250 dípò ₦50,000. Lóṣù kẹta, òun náà yóò wá ọ̀nà mìíràn, ó sì mọ ilé tí wọ́n ti rìnrìn àjò. Ẹ ṣírò rẹ̀ lórí ilé 50: ₦4,000. Ẹ máa lẹ orúkọ àwọn tó ti san àti bí ẹ ṣe náwó náà mọ́ ara gèétì lóṣooṣù.

Ohun kan tún kù. Òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ tí ará ìlú àti ọlọ́pàá yóò ti jọ máa jókòó ní dífísọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ kánsù náà ní ìpàdé ààbò tí alága ń darí, tí DPO, DSS, Sífù Dìfẹ́ǹsì àti àwọn ọba tàbí baálẹ̀ máa ń wà níbẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé lẹ́yìn tí wọ́n bá jalè tán ni wọ́n máa ń pè é. Ẹ béèrè ọjọ́ tó jẹ́ gbèdéke lóṣù, kí ẹ sì fi aṣojú kan ránṣẹ́ tó máa gbé ìwé ńlá yẹn lọ́wọ́.

Ṣé a lè fi gèétì dí òpópónà wa? (Àgbádó, Èkó)

Ọ̀nà gbogbo ènìyàn ni, kì í ṣe tiyín, nítorí náà ẹ gba àṣẹ lórí ìwé lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ kí ẹ tó pe wẹ́dà. Kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mítà mẹ́rin, kí ẹ má sì gbé irin kọjá lókè rẹ̀. Ọkọ̀ panápaná gbọ́dọ̀ lè kọjá. Kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà nílé méjì tó súnmọ́ gèétì jù, kí nọ́ńbà fóònù ilé méjèèjì wà lára gèétì fúnra rẹ̀ ní ọ̀dà funfun. Obìnrin tó ń rọbí kò lè dúró de ẹni tó gbé kọ́kọ́rọ́ lọ sí ìsọ́jí.

Wọ́n ti jí súmó (ẹ̀rọ tó ń fa omi) inú kànga ìlú lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ń yọ irin orí gọ́tà. A mọ̀ pé àwọn tó ń ra irin àlòkù ni wọ́n ń tà á fún. Kí ni kánsù lè ṣe? (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ó lè ṣe púpọ̀, inú wa sì dùn pé ẹ béèrè rẹ̀, nítorí olè tí kò bá rí ẹni ra ẹrù kò ní jí irin tó wúwo. Ṣọ́ọ̀bù ni ibi tí wọ́n ti ń ra irin, abẹ́ kánsù ló sì wà. Ẹ ní kí káńsẹ́lọ̀ yín gbé òfin ìbílẹ̀ kan wá. Kí ó sọ pé oníṣòwò irin àlòkù gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Pé kó máa kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà ìwé ìdánimọ̀ ẹni tó tà á, ohun tó tà àti ìwọ̀n rẹ̀. Pé kò gbọ́dọ̀ rà láàárín aago méje alẹ́ sí méje àárọ̀. Pé kò gbọ́dọ̀ ra irin gọ́tà, wáyà iná tàbí ẹ̀yà súmó láìsí ìwé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Pé kò gbọ́dọ̀ rà á lọ́wọ́ ọmọdé.

Ní ilé ìgbìmọ̀ kánsù, wọ́n máa ń kà á nígbà mẹ́ta, kí alága tó buwọ́ lù ú. Ẹ lọ jókòó níbẹ̀ bí wọ́n bá ń gba èrò ará ìlú, kí ẹ sì pe àwọn oníṣòwò irin náà wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fẹ́ kí ọlọ́pàá máa já wọlé. Ohun tó máa ń sọ irú òfin bẹ́ẹ̀ di yẹ̀yẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó ń yẹ ìwé wò. Kí wọ́n kọ sínú rẹ̀ pé òṣìṣẹ́ kánsù yóò yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láìsọ ọjọ́ tẹ́lẹ̀. Súmó tuntun náà, ẹ kọ orúkọ ìlú sí i lára pẹ̀lú ohun èlò tó ń gbẹ́ irin, ẹ má fi ọ̀dà kọ ọ́.

Ní ibi tí mò ń gbé ní Southwark ní London, kánsù máa ń bá ọlọ́pàá jókòó lórí ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ àti olè. Kí ló dé tí tiwa nílé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀? (Òǹkàwé wa kan, Peckham)

Kánsù tiyín náà kò ní ọlọ́pàá o. Òfin ọdún 1998 kan ló dè é mọ́lẹ̀: abala 17 rẹ̀ sọ pé nínú gbogbo iṣẹ́ tí kánsù bá ń ṣe, ó gbọ́dọ̀ ro ohun tí iṣẹ́ náà máa dá sílẹ̀ nípa ìwà ọ̀daràn. Ẹni tó ń yàwòrán ọgbà ìṣeré gbọ́dọ̀ ronú nípa rẹ̀, ẹni tó ń fúnni níwèé àṣẹ ọtí náà gbọ́dọ̀ ronú. Òfin náà ló ní kí kánsù, ọlọ́pàá, panápaná àti àwọn elétò ìlera jókòó pọ̀. Níbí, Àfikún Kẹrin fún kánsù ní agbára náà, kò ní kó jíhìn bó ṣe lò ó láti dènà ìwà ọ̀daràn. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ lè ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ lónìí, nítorí abẹ́ wọn ni ètò ìjọba ìbílẹ̀ wà. A kò tíì rí ìdí kan tó fi yẹ kí wọ́n dúró de Àbújá.

Wọ́n ní owó kánsù ti ń bọ̀ tààrà báyìí. Báwo la ṣe máa mọ èyí tí wọ́n ná lórí ààbò? (Adó-Èkìtì)

Ìdá 20.6 nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ ni ètò pínpín fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pàṣẹ pé kí owó náà máa dé ọ̀dọ̀ wọn tààrà, kí gómìnà má fọwọ́ kàn án. Ọ̀tọ̀ ni àṣẹ, ọ̀tọ̀ ni kí owó dé, nítorí náà ẹ béèrè. Òfin tó fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti gba ìròyìn lọ́wọ́ ìjọba wà láti 2011. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2025, nínú ẹjọ́ tó ti ìpínlẹ̀ Ẹdó wá, pé ó de ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn. Ẹ má kọ “ẹ sọ bí ẹ ṣe náwó ààbò”, ọ̀rọ̀ yẹn gbòòrò jù. Ẹ kọ ọ́ pé: “Ẹ fún wa ní iye iná tí ẹ rà lọ́dún tó kọjá, iye tí ẹ ra ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ kọngílá, àti òpópónà tí ẹ gbé wọn sí.” Ẹ sì lọ ka òpó.

Kánsù wa ń ta fẹ́ẹ̀sì oní-nọ́ńbà fún ọlọ́kadà. Ṣé ó ń dènà “wáàn ṣáǹsì”? (Ìlobùú)

Nínú ohun tí kánsù lè fún ní ìwé àṣẹ, Àfikún Kẹrin dárúkọ kẹ̀kẹ́ ológeere, ọkọ̀ ojú omi kékeré, wíìbáárò àti ọmọlanke. Ìwé àṣẹ okadà gan-an, ìpínlẹ̀ ló ni í. Fẹ́ẹ̀sì náà lè wúlò bí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ bá bá orúkọ, fọ́tò àti nọ́ńbà ọ̀kadà mu nínú ìwé tó wà ní garéèjì, tí ẹnikẹ́ni sì lè lọ béèrè. Bí ó bá jẹ́ owó nìkan ni wọ́n gbà, tí wọ́n ń tà á bí aṣọ ọjà, olè náà yóò ra tirẹ̀. Ní ti bọ́ọ̀sì, ẹ wọ̀ ọ́ nínú garéèjì, kí ẹ má sì gbéra láìkọ orúkọ yín àti nọ́ńbà ẹbí yín sínú ìwé èrò ọkọ̀. Ẹ̀dà méjì ló yẹ kó jẹ́, kí ọ̀kan kù sí garéèjì. Èyí tó bá dẹ́rẹ́bà lọ kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti wá yín.